Láti Aago Mẹ́wàá Àárọ̀ sí Aago Mẹ́wàá Alẹ́

Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 1953. Ní Panmunjom, ní Kòríà, ilé tuntun kan dúró níbi tí kò sí ju ahéré mélòó kan lọ tẹ́lẹ̀. Pákó àti ẹní ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ ogun Kòríà Àríwá ló sáré kọ́ ọ, kí àyè lè gba gbogbo àwọn tó ń bọ̀ níbi tí wọ́n ti máa buwọ́ lu ìwé ìdádúró ìjà ogun Kòríà.

Àwòrán ẹyẹlé ti wà lórí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí, irú èyí tí Picasso yà. Ọ̀gágun Mark Clark ti Amẹ́ríkà, olórí ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì kọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ti sọ ẹyẹlé náà di ti wọn, àwọn èèyàn òun kò ní gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Wọ́n mú ẹyẹlé kúrò. Ìhà àríwá nìkan ni ilẹ̀kùn ilé náà wà. Clark tún kọ ìyẹn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mìíràn síhà gúúsù. Ọ̀rọ̀ ẹyẹlé àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn gba àkókò, bẹ́ẹ̀ òkú ń sùn lórí àwọn òkè tí kò jìnnà síbẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù. Inú ilé ti kún. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tó rán ọmọ ogun wá fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jókòó sápá kan. Àwọn ará Ṣáínà àti Kòríà Àríwá jókòó sápá kejì. Àwọn oníròyìn dúró ti kámẹ́rà wọn. Tábìlì mẹ́ta ló wà níwájú. Èyí tó wà láàárín ni wọ́n to ìwé lé. Àsíá kékeré kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjì yòókù: ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀kan, ti Kòríà Àríwá lórí ìkejì.

Àsíá Kòríà Gúúsù kò sí lórí tábìlì kankan.

Aago mẹ́wàá. Ọ̀gágun William Harrison wọlé. Ará Amẹ́ríkà ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó máa ń wàásù. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò so táì. Ọ̀gágun Nam Il ti Kòríà Àríwá gba ilẹ̀kùn kejì wọlé. Ẹ̀wù ogun tirẹ̀ sé dé ọrùn. Wọn kò kí ara wọn. Kálukú lọ jókòó sídìí tábìlì tirẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í buwọ́ lùwé. Ẹ̀dà méjìdínlógún ni: mẹ́fà lédè Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́fà lédè Kòríà, mẹ́fà lédè Ṣáínà. Ẹni tó dúró ti ọ̀gá a ṣí ìwé síwájú rẹ̀, ọ̀gá a buwọ́ lù ú, ẹni náà a gbé e kúrò, a gbé òmíràn síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìró àgbá ń wọlé látìta, ọ̀kan, òmíràn, lẹ́yìn náà mélòó kan pọ̀. Ògiri ẹní kì í dá ìró dúró. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ló ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ àwọn méjèèjì kò dúró.

Ọdún méjì àti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù Keje ọdún 1951 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kaesong, kí wọ́n tó kó wá sí Panmunjom. Ìpàdé 158 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ibi tí ogun dúró sí lórí ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ àwọn òǹdè ló fa ọ̀rọ̀ gùn jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹdè tó wà lọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ní àwọn kò padà sí Ṣáínà tàbí sí Kòríà Àríwá. Ìhà kan ní dandan ni kí gbogbo wọn lọ sílé. Ìhà kejì ní a kì í fipá dá ẹni padà. Lórí ìyẹn nìkan, wọ́n lo ọdún kan ó lé. Tìtorí òǹdè ni àwọn tó kú lórí òkè láàárín ọdún náà ṣì fi wà níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 1953, Stalin, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, kú ní Moscow. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni okùn bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ó parí. Harrison dìde. Nam Il dìde. Wọn kò bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọn kò wí nǹkan kan. Olúkúlùkù gba ilẹ̀kùn tó bá wọlé jáde.

Àgbá ṣì ń dún.

Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí bí ìwé náà ṣe wí nìyẹn. Inú ìpínrọ̀ 12 ló wà. Ó ní kí gbogbo ìjà dáwọ́ dúró, lórí ilẹ̀, lójú omi àti lójú ọ̀run, lẹ́yìn wákàtí méjìlá tí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú. Ojú ogun gùn tó nǹkan bí 250 kìlómítà láti òkun dé òkun. Wọ́n fẹ́ kí àṣẹ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ ogun tó wà nínú yàrà kó tó di alẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ́gbọ́n dání lórí ìwé. Ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú yìí lọ, gbogbo ẹni tó bá kú, ikú rẹ̀ ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni nílò.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ń súnmọ́. Rédíò ti gbé e. Nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí àpò iyanrìn yí ká, àwọn ọmọ ogun ń gbọ́ pé ó ti parí, pé kò sì tíì parí. Àṣẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn kò gùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde sórí òkè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìnbọn lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Kí wọ́n má ṣe lọ bá ọ̀tá sọ̀rọ̀. Kí akoto wà lórí.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀. Haile Selassie ti rán ọmọ ogun Ethiopia wá láti ọdún 1951, àwọn tí wọ́n ń pè ní Kagnew. Ó lé ní 120 nínú wọn tó kú sílẹ̀ Kòríà. Títí ogun fi parí, ọ̀tá kò mú ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn lóǹdè. Ó yẹ kí a máa dárúkọ wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ogun yìí.

Ní Washington, alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26, ló ṣì jẹ́. Ààrẹ Eisenhower jókòó síwájú kámẹ́rà, ó bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó ní ojú ogun kan ṣoṣo ni ìjà ti dá, pé àlàáfíà ayé kò tíì dé.

Ọ̀sán gangan, ó lé díẹ̀. Ralph Parr, awakọ̀ òfurufú ti Amẹ́ríkà, wà lókè ní ìtòsí Chunggangjin, létí odò Yalu, níbi tí Kòríà ti bá Ṣáínà pààlà. Ó rí ọkọ̀ òfurufú kan tó ń fò nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Ó ní ìràwọ̀ pupa wà lára rẹ̀. Ó yìnbọn, ọkọ̀ náà gbiná, ó já lulẹ̀. Il-12 ni, ọkọ̀ akérò. Sófíẹ́ẹ̀tì ní èèyàn mọ́kànlélógún ló wà nínú rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó yè. Òun ni ọkọ̀ òfurufú tí Amẹ́ríkà já kẹ́yìn nínú ogun náà. Ìwé ti gbẹ ní Panmunjom fún wákàtí méjì ó lé nígbà tí àwọn wọ̀nyí kú.

Aago kan ọ̀sán, ní Munsan. Clark jókòó sídìí tábìlì tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá ogun ilẹ̀, ti omi àti ti òfurufú wà lẹ́yìn rẹ̀. Ètò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé kí àwọn olórí ogun méjèèjì pàdé ní Panmunjom, kí wọ́n buwọ́ lùwé lójú ara wọn. Ìhà àríwá ní àwọn kò ní wá bí ará Kòríà Gúúsù kankan bá wà níbẹ̀. Clark kò gbà. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi jókòó sílé ara rẹ̀ láti buwọ́ lù ú. Ó gbé gègé. Wọ́n ti ṣe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin léṣe burúkú nínú ogun yìí kan náà. Lẹ́yìn náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni ọ̀gá ogun Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó buwọ́ lu ìdádúró ìjà láìṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ní Seoul, Syngman Rhee, Ààrẹ Kòríà Gúúsù, kò buwọ́ lu nǹkan kan. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Ó fẹ́ kí ogun máa lọ títí Kòríà yóò fi di ọ̀kan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àgọ́ òǹdè sílẹ̀ lóru, òǹdè bí 27,000 sá lọ, gbogbo ohun tí wọ́n ti ń bá bọ̀ ní Panmunjom sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ṣèlérí owó àti ààbò fún un. Ohun tó gbà kò ju pé òun kò ní ba àdéhùn náà jẹ́. Onílé kò sí níbi tí wọ́n ti pín ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń bí i nínú láti ọdún 1945, nígbà tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà méjì fa ilà sórí máàpù ní òru ọjọ́ kan, láì pe ọmọ Kòríà kankan. Inú bíbí rẹ̀ yé mi. Ọ̀nà tó fẹ́ gbà kò yé mi.

Ọ̀sán ń lọ. Ìwé ń lọ láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Àwọn tó máa ṣọ́ ààlà ń mú àmì tí wọ́n máa gbé síta.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Òkè kan wà tí àwọn ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà sọ ní Boulder City. 119 ni nọ́ńbà rẹ̀ lórí máàpù. Àwọn ará Ṣáínà ti kọ lù ú láti ọjọ́ 24. Wọ́n jà débi pé wọ́n ń ju bọ́ǹbù ọwọ́ lu ara wọn nínú yàrà kan náà. Òkú àwọn ará Ṣáínà ṣì wà níwájú òkè náà ní ìrọ̀lẹ́ yìí, nínú oòrùn oṣù Keje. Kò sẹ́ni tó lè jáde lọ gbé wọn. Yàrà ti wó níbi púpọ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ jókòó, wọ́n gbé ẹ̀yìn ti iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn.

Aago mẹ́jọ alẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Àgbá kò dínkù. Ó tún ń pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ ogun tó wà níbẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ńṣe làwọn tó wà nídìí àgbá ń yin ọta tó kù, kí wọ́n má baà rù ú padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìhà kejì ń ṣe. Kò sí òkè tí wọ́n fẹ́ gbà mọ́. Kò sí ohun tí ọta kankan lè yí padà láàárín wákàtí méjì tó kù. Ọmọ ènìyàn ló wà níbi tí ọta náà ń já sí.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì. Ọkọ̀ òfurufú B-26 kan ju bọ́ǹbù sílẹ̀ ní Kòríà Àríwá. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún.

Fún ọdún mẹ́ta ni bọ́ǹbù ti ń já lórí ilẹ̀ náà. Ní Pyongyang, ilé tó ṣì dúró kò pọ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ń gbé inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n tún fọ́ ìsédò tó ń bomi rin oko ìrẹsì ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí gan-an, omi sì gbá oko lọ.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Lójú omi ìhà ìlà-oòrùn, ọkọ̀ ogun Saint Paul dojú ẹnu àgbá kọ èbúté. Wọ́n ti gbé ọta kan sínú rẹ̀. Ọ̀gá àgbà Harry Sanders ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ọta náà. Wọ́n yìn ín sí ibi tí àgbá ọ̀tá wà ní etíkun. Ọta náà kọjá lórí omi, ó já. Ó ku ìṣẹ́jú kan kí òfin mú un. Èrò mi kò lè kúrò lára ọta yìí. Ẹnìkan mú gègé, ó kọ orúkọ sí i bí ẹni tó ń buwọ́ lùwé.

Aago mẹ́wàá alẹ́. Iná funfun tí wọ́n yìn sókè tàn lórí àwọn òkè láti ìhà kan dé ìkejì. Ó rọra ń bọ̀ nílẹ̀. Àgbá dákẹ́. Ní Wonsan, ìlú tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti dó tì fún ọjọ́ 861, wọn kò yìn mọ́.

Òṣùpá ti yọ, ó tóbi. Níwájú Boulder City, ọkùnrin ń jáde láti inú ilẹ̀. Ará Ṣáínà ni wọ́n, wọ́n pọ̀ ju bí àwọn Marine ṣe rò lọ. Wọ́n ń kọrin. Àwọn kan ń juwọ́. Àwọn mìíràn mú ẹ̀bùn dání, wọ́n ń pe àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n wá. Àwọn ará Amẹ́ríkà dúró sínú yàrà torí àṣẹ. Nígbà tó yá, àwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkú wọn.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Kim Il-sung, olórí Kòríà Àríwá, buwọ́ lu ìwé ní Pyongyang. Peng Dehuai, olórí ogun Ṣáínà, buwọ́ lù ú ní Kaesong láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àgọ́ rẹ̀ ni bọ́ǹbù ti pa Mao Anying, ọmọ Mao Zedong tó jẹ́ olórí Ṣáínà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1950.

Wọ́n ní wákàtí 72 láti fi ojú ogun sílẹ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn kìlómítà méjì. Àwọn tó ti gbẹ́ yàrà fún ọdún kan ń tú u. Wọ́n ń fa igi òrùlé yọ, wọ́n ń da iyanrìn inú àpò nù, wọ́n ń gbé ohun tó bá ṣeé gbé sórí ọkọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, pàṣípààrọ̀ àwọn òǹdè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà mọ́kànlélógún ní àwọn kò lọ sílé. Ó lé ní 20,000 ọmọ ogun Ṣáínà àti Kòríà Àríwá tó sọ bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ará ìlú tó kú ní Kòríà tó mílíọ̀nù méjì.

Ìpínrọ̀ 60 wà nínú ìwé tí Harrison àti Nam Il buwọ́ lù lẹ́ẹ̀méjìdínlógún. Ó dámọ̀ràn pé láàárín oṣù mẹ́ta, kí àwọn ìjọba pàdé, kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ Kòríà ní ìtùnbí-ìnùbí. Oṣù mẹ́ta kọjá. Oṣù Kẹrin ọdún 1954 ni wọ́n tó jókòó, ní Geneva. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, wọ́n dìde láìfẹnu kò lórí nǹkan kan. Àdéhùn àlàáfíà tó yẹ kó tẹ̀lé ti Panmunjom kò wá. Ìwé ìdádúró ìjà náà ṣì ni òfin tó wà láàárín Kòríà méjèèjì. Kìlómítà mẹ́rin tí wọ́n fà sílẹ̀ láàárín ara wọn ṣì wà bẹ́ẹ̀, ohun abúgbàù sì wà nínú ilẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà ní ìhà gúúsù ní alẹ́ ọjọ́ náà tí ìyàwó tàbí òbí wọn wà ní àríwá. Nígbà tí ìjọba Seoul wá ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún wọn, orúkọ tó wọlé lé ní 130,000. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn ló ti kú. Fún ọdún mélòó kan láti ọdún 2000, ìjọba méjèèjì ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀rọ̀ ìṣèlú bá gbà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, wọ́n pàdé ní Òkè Kumgang. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó wà nínú oyún nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ ní ọdún 1950. Ọmọ náà ti kọjá ẹni ọgọ́ta ọdún kó tó mọ ojú bàbá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí méjì-méjì. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì kó àwọn ará gúúsù padà sí gúúsù.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn.